Ẹni Tí Yóò Sọ Bí Ivwòz Ṣe Kú

Ọjọ́ kọkànlélógójì tí Ivwòz kú ni kásẹ́ẹ̀tì kan dé láti Mayámì. Jezila, ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ló fi í ránṣẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ tí ó kọ sí ara àpò rẹ̀ kì í ṣe orúkọ bàbá rẹ̀. Orúkọ Frenèl, tíṣà kékeré abúlé, ni.

Ẹnu Imakila ni Tíṣà Orelis, ọkọ olóògbé, ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Aládùúgbò ni Imakila, obìnrin tí kò lè fi omi sẹ́nu kó máà tu ú jáde. Ó dúró lẹ́yìn ọgbà ẹlẹ́gùn-ún láàárọ̀ ọjọ́ náà, agbọ̀n gbẹ̀rẹ̀fútù lórí.

"Ẹ kú àárọ̀, Bàbá Tíṣà. Ẹ ti gbọ́ ohùn Jezila?"

"Ohùn Jezila níbo?"

"Ẹnu mi yìí náà. Ẹ jẹ́ n máa lọ, ọjà ò ní í dúró dè mí."

"Imakila, sọ ọ́ tán."

"Dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ Jakmèl ló mú un wá lánàá. Kásẹ́ẹ̀tì ni. Ó fún Tíṣà kékeré. Mo rò pé ẹ̀yin méjèèjì ti jọ jókòó gbọ́ ọ ni."

"Tíṣà kékeré wo?"

"Tíṣà kékeré mélòó la ní? Ẹ má wò mí báyẹn o. Èmi kọ́ ni mo kọ àdírẹ́sì."

Ó bá tirẹ̀ lọ. Orelis dúró sójú kan títí kọfí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ fi tutù.

Bí ìyàwó ẹni bá wà láyé tí a ń jowú, a lè bi í léèrè, a lè bá a jà, a sì lè bẹ̀ ẹ́ nígbà tí ìjà bá tán. Owú orí òkú kò ní ẹjọ́ tí a lè rò. Irú owú yìí ló wọ inú Orelis láti ọjọ́ kẹsàn-án ìsìnkú, kò sì tíì jáde.

Ogójì ọdún ló ti fi ń kọ́ àwọn ọmọ Fon Zoranj, abúlé wọn, ní Faransé. Òun náà ló ń kọ lẹ́tà fún gbogbo abúlé. Bí ìyá kan bá fẹ́ ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ tó ń gé ìrèké ní òdìkejì ààlà, á wá jókòó síwájú Orelis, á sọ tẹnu rẹ̀ ní Kreyòl, èdè tí gbogbo abúlé ń sọ, Orelis á sì wọ ọ̀rọ̀ náà ní aṣọ Faransé, á fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn. Ìyá kò ní mọ ohun tí a kọ. Ọmọ tó bá gbà á lọ́hùn-ún náà á wá ẹni tí yóò tú u padà fún un. Báyìí ni ọ̀rọ̀ ìyá àti ọmọ ṣe ń gba ọwọ́ ènìyàn méjì kọjá, àwọn méjèèjì á sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá wọn kọ ọ́. Orelis kò rí àbùkù kankan nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìjọba pàṣẹ pé Kreyòl ni kí wọ́n fi máa kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké, Frenèl ni wọ́n rán wá. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Àwọn òbí kọ́kọ́ bínú. Wọ́n ní Kreyòl tí ọmọ ti ń gbọ́ látinú oyún, ṣé ó yẹ kí wọ́n tún wọ yúnífọ́ọ̀mù fún un kó lè lọ gbọ́ ọ ni? Wọ́n ní àwọn ọlọ́lá ìlú ńlá ń fi Faransé tọ́ ọmọ tiwọn, wọ́n wá fẹ́ fi Kreyòl há ọmọ ti àwọn mọ́ inú oko. Orelis ló sọ ọ̀rọ̀ náà dáadáa ju gbogbo wọn lọ níbi ìpàdé. Ṣùgbọ́n kí ọdún tó yí po, ọmọ ọdún méje ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àpò ìyẹ̀fun fún ìyá rẹ̀. Ariwo àwọn òbí rọlẹ̀. Ti Orelis kò rọ̀.

Bí ọwọ́ bá dilẹ̀ lẹ́yìn ìkórè, Frenèl a tún máa kọ́ àwọn àgbàlagbà lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, lórí pèpéle sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kọfí sí. Orelis máa ń rí orí wọn láti ọ̀nà jíjìn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, Ivwòz á ní òun ń lọ bá àwọn obìnrin fi òwú ìdí òróńbó lọ okùn, bẹ́ẹ̀ ni á wí, á sì rẹ́rìn-ín. Òróńbó kò ní òwú ní ìdí. Orelis kò bi í léèrè rí, nítorí kì í fetí sí ohun tó ń sọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ìsìnkú ló tó mọ ibi tó ń lọ. Akàdúrà abúlé, ọkùnrin tó máa ń ka ìwé fún òkú níbi tí fádà kì í dé, ti ka ti Faransé tán. Nínú gbogbo àwọn tó pé sí àgbàlá, Orelis nìkan ló yé. Ni àwọn obìnrin mẹ́fà bá dìde lórí ẹní kan náà, Imakila yọ ìwé àjákọ aláwọ̀ ewé kan jáde, ó sì ka àdúrà láti inú rẹ̀ ní Kreyòl. Kò kà á já geere. Síbẹ̀ gbogbo àgbàlá dákẹ́, ẹkún sì sọ níbi tí ẹkún yẹ kó ti sọ. Nígbà tí ó parí, ó ní, "Ivwòz ló kọ ọ́."

Orelis gba ìwé náà wò. Ọdún méjìdínlógójì ni òun àti obìnrin yìí fi jọ sùn lórí ibùsùn kan. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rí ìkọ̀wé rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ tóbi, ó tẹ̀ sí ọ̀tún bí ẹni ń gun òkè.

Ìgbà kan wà tí Ivwòz bẹ̀ ẹ́ pé kó kọ́ òun. Ọdún tí wọ́n fẹ́ra ni. Ó sì gbà, ó kọ́ ọ bí ó ṣe ń kọ́ gbogbo ènìyàn: ó fún un ní ojú ìwé kan, ó ní kó máa rìn lọ rìn bọ̀ ní àgbàlá kó máa kà á sókè títí yóò fi há a sórí. Ọ̀rọ̀ òjò dídì ilẹ̀ Faransé ló wà lójú ìwé náà. Oṣù mẹ́ta ni Ivwòz fi rìn. Lọ́jọ́ kan ó dúró, ó ní, "Orelis, kí ni mo ń sọ?" Ó dá a lóhùn pé, "Kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ná, á yé ọ tó bá yá." Ọjọ́ kejì, Ivwòz gbé ìwé náà padà sórí tábìlì, ó mú ìgbálẹ̀. Orelis sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé orí ìyàwó òun kò gba ìwé.

Lẹ́yìn tí Imakila kọjá lọ, Orelis lọ sí ilé ìwé. Ògiri màrìwò híhun ló pààlà láàárín kíláàsì rẹ̀ àti ti Frenèl. Àwọn ọmọ tirẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde dìde, wọ́n ń ké ẹ̀kọ́ nípa àwọn odò ilẹ̀ Faransé bí ẹni ń lu irin. Ní òdìkejì, Frenèl ń bi àwọn kéékèèké léèrè ibi tí odò tó wà nísàlẹ̀ abúlé ti ń wá. Ọ̀kan ní láti inú òkè. Òmíràn ní rárá, bàbá òun àgbà ló ń tọ̀ ọ́. Ẹ̀rín bú, Frenèl náà rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ọmọkùnrin kan ní kíláàsì Orelis rẹ́rìn-ín músẹ́ sí inú ìwé rẹ̀. Orelis rí i. Ó gbé pàṣán, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ padà. Ohun tó ń rò ni bóyá irú ẹ̀rín yẹn ni Ivwòz máa ń rín lórí sìmẹ́ǹtì ní ọjọ́ Ọjọ́bọ̀.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí Frenèl wá sí ẹnu ọ̀nà, rédíò kásẹ́ẹ̀tì lábẹ́ apá.

"Ọlá o," ni ó wí, bí ẹni tó bá dé ilé onílé ṣe ń wí.

Orelis jẹ́ kó dúró díẹ̀ kó tó dáhùn pé, "Ọ̀wọ̀ ni."

"Ẹ kú ìsinmi, Bàbá. Mo ní nǹkan kan tó yẹ kí ẹ gbọ́."

"Gbogbo abúlé ti sọ fún mi. Jókòó."

"Àná ni mo gbà á. Mo fẹ́ mú un wá láàárọ̀, mo wá rò ó pé..."

"Jókòó, mo ní."

Frenèl gbé rédíò sórí tábìlì, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn Jezila jáde. Ọdún mẹ́sàn-án ni Orelis ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn, ó sì ti jọ ti ìyá rẹ̀.

"Tíṣà Frenèl, ẹ kú iṣẹ́ o. Jezila ni, ọmọ Ivwòz. Lẹ́tà kan dé ọ̀dọ̀ mi láti ọwọ́ bàbá mi. Mo gbé e fún ọkùnrin kan níbi iṣẹ́ wa tó gbọ́ Faransé dáadáa. Ó kà á tán, ó ní òun bá mi kẹ́dùn, ó ní ṣé ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba kan ló kú nílùú yín ni. Mo ní rárá o, ìyá mi ni." Frenèl sún rédíò náà mọ́ Orelis. "Kò sí bó ṣe kú níbẹ̀. N kò mọ̀ bóyá orí ló fọ́ ọ ni tàbí inú. N kò mọ̀ bóyá ó ké pe ẹnì kan. Lẹ́tà mọ́kànlá tí òun fúnra rẹ̀ kọ sí mi wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, ojoojúmọ́ ni mo ń kà wọ́n, kò sì sí ọ̀kan tí mo ní láti gbé fún ẹnikẹ́ni kó bá mi kà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́ fún mi. Ibi tó wà, ohun tó wí kẹ́yìn. Bí n kò bá gbọ́ ọ, n kò tún ní ohun tí mo ń bọ̀ wá ṣe ní Fon Zoranj. Ta ni mo fẹ́ wá kí níbẹ̀?"

Frenèl pa á.

Lẹ́tà mọ́kànlá. Orelis kà á nínú ara rẹ̀ bí ẹni ń ka ẹgba. Òun tó ń kọ lẹ́tà fún gbogbo abúlé. Jezila kò fèsì sí ọ̀kan ṣoṣo nínú gbogbo èyí tí òun kọ sí i láti ọjọ́ tó ti lọ. Kò sì yani lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọmọ náà kùnà ìdánwò àṣejáde ní kíláàsì bàbá rẹ̀. Pátákó tí wọ́n ń gbé kọ́ ọrùn ọmọ tó bá sọ Kreyòl ní ilé ìwé, ọrùn tirẹ̀ ló pẹ́ sí jù. Bàbá rẹ̀ ló ń gbé e kọ́ ọ, nítorí kò fẹ́ kí wọ́n sọ pé òun ń ṣe ojúsàájú.

"Níbo ló máa ń jókòó sí?" ni Orelis béèrè.

"Ta ni, Bàbá?"

"Ìyàwó mi. Lórí sìmẹ́ǹtì yín."

"Ní igun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ó ní orúnkún ń dun òun, òun fẹ́ ibi tí òun yóò na ẹsẹ̀ sí."

Orelis kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún.

"Ó ń rẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀rín kẹ̀? Òun ló ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ó máa ń..."

"Ó máa ń kí ni?"

"Ẹ má bínú sí mi. Ó máa ń sín yín jẹ. Bí ẹ ṣe ń rìn lọ rìn bọ̀, tí ẹ ń gbá àgbọ̀n sókè. Kì í ṣe ti ìwọ̀sí. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn ènìyàn kò lè sín in jẹ tó bẹ́ẹ̀."

"Mi ò bi ọ́ bóyá ó fẹ́ràn mi."

"Ẹ má bínú."

"Kí ló dé tí kò sọ fún mi pé òun ń kàwé?"

"Mo bi í. Ó ní òun fẹ́ parí ìwé kíkà kejì ná. Ó ní lọ́jọ́ kan òun á jókòó síwájú yín, òun á ṣí ìwé ìjọ, òun á sì máa kà á lọ láìwo ojú yín."

Ọ̀rọ̀ yìí ìbá tu ọkùnrin mìíràn nínú. Ohun tí Orelis gbọ́ níbẹ̀ ni pé àṣírí tó jẹ́ ti òun, ọwọ́ Frenèl ni Ivwòz fi pamọ́ sí.

"Dẹ́rẹ́bà ń padà lọ sí Jakmèl láàárọ̀ ọ̀la," ni Frenèl wí. "Mo ti ra bátìrì, mo sì ní kásẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo fẹ́ dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n mi ò sí níbẹ̀ nígbà tó kú, Bàbá. Ohun tí Imakila sọ fún mi nìkan ni mo mọ̀."

"Kí ni Imakila mọ̀?"

"Ó ní kọfí ló ń yan lọ́wọ́."

"Imakila dé nígbà tí a ti tẹ́ ẹ sílẹ̀. Fi rédíò yẹn sílẹ̀ fún mi."

"Ṣé kí n bá yín..."

"Fi í sílẹ̀, kí o lọ jókòó sóde."

Frenèl fi hàn án ibi tí yóò tẹ̀, bọ́tìnnì pupa àti dúdú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ó rọra ṣàlàyé rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró kí Orelis gbìyànjú rẹ̀ fúnra rẹ̀. Orelis rí i pé bí ó ṣe kọ́ Ivwòz náà nìyí.

Nígbà tó ku òun nìkan, ó tún kọ́là rẹ̀ ṣe, ó tẹ bọ́tìnnì, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní Faransé. Ó ní ọmọ òun ọ̀wọ́n, ó ní pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ìbànújẹ́ ọkàn. Ó sọ ọ́ dáadáa, kò ṣe àṣìṣe kankan. Lẹ́yìn náà ó dá a padà, ó sì gbọ́ ọ. Ohùn ẹni tó ń ka òfin lójú ọjà ló jáde. Ó gbọ́ ọ dé òpin, kò sì rí Ivwòz níbẹ̀. Ó wá yé e ìdí tí ọkùnrin Mayámì yẹn fi bi Jezila bóyá ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba ló kú.

Ó dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ó yọ dígí ojú rẹ̀.

"Jezila," ni ó wí ní Kreyòl. "Bàbá rẹ nìyí.

"Ọjọ́ Sátidé ni, a ti jẹun àárọ̀. Ìyá rẹ jókòó sí ìdí ààrò, ó ń yan kọfí. Ó ti da ṣúgà sí i, o mọ̀ bó ṣe máa ń ṣe é. Èmi wà ní ẹnu ọ̀nà, mò ń máàkì ìwé àwọn ọmọ. Orí kò fọ́ ọ, inú kò run ún, tàbí bó bá ṣe é, kò sọ fún mi. Ó pè mí. Ó ní, 'Orelis, wá bá mi ro kọfí yìí.' Mi ò wá. Mo dá a lóhùn ní Faransé. Mo ní kó dúró. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì yé e, torí mo ti ń sọ ọ́ fún un láti ọdún tí mo ti fẹ́ ẹ. Nínú gbogbo Faransé mi, òun nìkan ni mo kọ́ ọ yanjú.

"Ó dúró. Nígbà tó yá mo gbọ́ òórùn ìjóná. Mo pariwo mọ́ ọn. Mo ní ṣé imú rẹ̀ dí ni. Kò dáhùn. Ó ti fi ẹ̀yìn ti ògiri, ṣíbí igi wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò jábọ́. Ojú rẹ̀ là. Mo fọwọ́ kàn án, ara rẹ̀ gbóná, mo rò pé iná ààrò ni. Mo gbé e. Kò wúwo. Mo gbé e lọ sórí ibùsùn kí n tó pe ẹnikẹ́ni, mo sì bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Mi ò mọ̀ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ wú.

"Ohun tó wí kẹ́yìn nìyẹn. O ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ọ. Ọ̀rọ̀ tó wà láàárín èmi àti ìwọ, n kò ní sọ ọ́ sínú ẹ̀rọ. Wá gbọ́ ọ."

Ó tẹ̀ ẹ́ kó dúró. Lẹ́yìn náà ó pe Frenèl.

Frenèl wọlé, kò wo ojú rẹ̀. Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Àyè ṣì pọ̀ nínú rẹ̀, Bàbá. Odindi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo. Bí ẹ kò bá bínú, mo fẹ́ kí i ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Mo fẹ́ sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe ní kíláàsì fún un, kó lè ní nǹkan tí yóò fi rẹ́rìn-ín."

"Wàá sọ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Gbé e wá fún mi."

Frenèl fún un. Etí kéékèèké méjì ló wà lórí kásẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún ojú, ọ̀kan fún ẹ̀yìn. Orelis ti rí bí àwọn akọrin ìjọ ṣe máa ń ṣẹ́ ẹ kí ẹnikẹ́ni má bàa gba ohùn mìíràn lé orin wọn. Ó fi èékánná ṣẹ́ ti ojú. Ti ẹ̀yìn le, ó mú ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó sì yọ ọ́.

"Bàbá, kò ní gba ohùn kankan mọ́."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yìn yẹn kò ní nǹkan kan nínú."

"Kó wà bẹ́ẹ̀. Ìwọ ti ní Ọjọ́bọ̀ ọdún méjì. Lẹ́tà mọ́kànlá gba ọwọ́ rẹ kọjá, èmi kò mọ ọ̀kan. Bó o bá fẹ́ kí ọmọ mi, kọ̀wé sí i. O mọ̀ ọ́n kọ."

Frenèl gbé rédíò rẹ̀ sábẹ́ apá, ó ní ó dàárọ̀.

"Ó dàárọ̀," ni Orelis wí. Lẹ́yìn tí Frenèl ti dé ẹnu ọgbà, ó pè é padà. "Ìwé kejì yẹn. Ó ku mélòó kí ìyàwó mi parí rẹ̀?"

"Ojú ìwé mẹ́rin, Bàbá."

Orelis mi orí. Ó fi kásẹ́ẹ̀tì sí àpò àyà, ó dé fìlà, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ilé tí dẹ́rẹ́bà máa ń wọ̀ sí, nítorí kò fẹ́ kí ó gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá kí ó tó dé ọwọ́ dẹ́rẹ́bà.